Kúrúnà Ajá ní Agbolé Kan: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Tanímọ̀la

Akọ ajá ìbílẹ̀ ni Tanímọ̀la, pupa rúsúrúsú, ó sì ti tó ọmọ ọdún márùn-ún. Agbolé kan lágbègbè Bẹẹrẹ n'Íbàdàn ló ń gbé, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ìbejì. Nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ èmi dókítà ẹran, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú dáadáa, ara sì ti ń yún un láti bí oṣù mẹ́ta. Kò sùn lóru mọ́. Ìyá Ìbejì ní òun a máa gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ajá tó ń gbó olè tẹ́lẹ̀ tí gbogbo agbolé á fi jí, kò ráyè gbó ẹnikẹ́ni mọ́, kó máa họra ni ṣáá.

Mo kọ ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ nítorí pé gbogbo ohun tí mò ń rí lára àwọn ajá tí ara ń yún nílùú yìí ló wà nínú rẹ̀: abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún láìmọ ohun tó ń ṣe ajá, ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á lára, àti èrò pé ajá kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn. Èrò ìkẹyìn yìí ló dá wa padà sẹ́yìn jù.

Ohun tí wọ́n ti ṣe kí n tó rí i

Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà ló kọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá Ìbejì mú ìgò oògùn náà dání, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò sọ ọ́ nù. Dexamethasone ni. Ohun yòówù tí ì báà máa yún ajá, oògùn yìí lè mú un rọlẹ̀ kíákíá, nítorí pé ìjà tí ara ń bá àlejò inú rẹ̀ jà ló ń dá dúró. Tanímọ̀la sùn fún ọjọ́ díẹ̀, inú ilé dùn. Nígbà tí agbára oògùn tán, ara yíyún náà padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ìsinmi tó rí gbà kò tó ti ìṣáájú. Bó bá jẹ́ kòkòrò ló wà lábẹ́ awọ, irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ààyè sílẹ̀ fún un láti bímọ ni, torí ara kò bá a jà mọ́.

Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ló tẹ̀ lé e. Kò sí àdúgbò tí mo dé tí wọn kì í dárúkọ ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù bí ọ̀rọ̀ kúrúnà ajá bá délẹ̀. Mo mọ ibi tí èrò náà ti ṣẹ̀: ọ́ìlì á bo awọ, kòkòrò díẹ̀ á kú sábẹ́ rẹ̀, irun lè hù fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó pa á á sì máa jẹ́rìí kiri pé ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò ti gbé àwọn irin olóró àti kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ sára. Awọ ajá fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, egbò sì ti ṣí i sílẹ̀ káàkiri. Yàtọ̀ sí èyí, ohunkóhun tí a bá fi pa ajá lára, yóò lá a. Tanímọ̀la lá a, ó bì, kò sì fẹnu kan oúnjẹ fún odidi ọjọ́ méjì. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́, nítorí pé ìfẹ́ ló mú kí wọ́n ṣe é. Wọ́n kàn ń wá ohun tí ọwọ́ wọn lè tó ni.

Ẹnìkan tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n po ọ̀tapíapíà mọ́ omi kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ọkọ Ìyá Ìbejì kọ̀ jálẹ̀, òun ló sì gba ẹ̀mí ajá náà là. Dichlorvos, tó wà nínú púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ yẹn, ń gba awọ wọnú ara. Ajá tó bá wọ̀ lára á máa da itọ́, ẹran ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, títí tí kò fi ní lè mí mọ́. Oògùn tó ń gbà wọ́n là wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní in lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò bá wọn wí sí ni àdín tí ìyá ọkọ Ìyá Ìbejì po mọ́ imí-ọjọ́. Imí-ọjọ́ ń pa kòkòrò kúrúnà lóòótọ́. Àwọn dókítà ènìyàn ṣì ń fi ìpara rẹ̀ tọ́jú ọmọ ọwọ́ àti aboyún tó ní kúrúnà, àwa dókítà ẹran náà sì ní lime sulphur tí a fi ń wẹ ajá. Ìyá àgbà yẹn mọ nǹkan. Kàn jẹ́ pé etí nìkan ló fi pa, nígbà tí kòkòrò ti bá ikùn àti ẹsẹ̀ lọ.

Ohun tí ara ajá sọ

Mo kọ́kọ́ jókòó wò ó láì fọwọ́ kàn án, torí ibi tí ajá bá ń họ máa ń sọ púpọ̀. Bó bá jẹ́ fíléà, ìyẹn kòkòrò tó ń fò láti ara ajá kan bọ́ sí òmíràn, ìbàdí àti ìdí ìrù ni irun á ti kọ́kọ́ re. Mo fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀ sórí bébà funfun tí mo ti fi omi rin. Ìgbẹ́ fíléà máa ń yọ pupa lórí bébà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Eégbọn méjì péré ni mo yọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀yìn Tanímọ̀la, láti èjìká dé ìrù, ṣì dán. Bèbè etí méjèèjì ni, ìgúnpá, oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, abíyá àti gbogbo abẹ́ ikùn ni irun ti re, tí awọ ti nípọn tó sì wú. Èépá gbígbẹ bo bèbè etí. Ìgúnpá rẹ̀ ń ṣọyún, ara rẹ̀ ń rùn, kókó inú ọrùn àti ti itan rẹ̀ wú. Ó ti rù, kílò 16 ló wọ̀n.

Mo mú bèbè etí òsì rẹ̀, mo fi ìka méjì rà á mọ́ra. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì gbéra lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́. Mo ṣe ti ọ̀tún, bákan náà ni. Ọ̀pọ̀ jùlọ ajá tó ní kúrúnà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, mo gbé ojú kúrò lára ajá, mo kọjú sí ẹni tó mú un wá.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ara ò yún ẹnikẹ́ni nílé?”

Kò dáhùn. Ó wo ilẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Dókítà, ooru ni o. Ẹ ṣá mọ bí ilé wa ṣe móoru.”

Mo rọra sọ fún un pé àìsàn yìí kì í wo ẹni tó ń wẹ̀ àti ẹni tí kì í wẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ràn ajá ló ń kọ́kọ́ ràn. Ó wá ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Ara pípọ́n wẹ́wẹ́ tó le kún apá rẹ̀ nínú, ó sì ní ó wà ní ìbàdí òun náà níbi tí òun ń ro ìró mọ́. Táíwò ní in ní ikùn àti àyà. Kẹ́hìndé kò ní ẹyọ kan. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní Kẹ́hìndé ń bẹ̀rù ajá, Táíwò ló máa ń gbé e mọ́ra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àpò èlùbọ́.

Lójú mi, ìdáhùn yẹn tóbi ju àyẹ̀wò èyíkéyìí lọ. Ìbejì méjì, ilé kan náà, oúnjẹ kan náà, omi ìwẹ̀ kan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ajá lọ. Ó sì bà mí nínú jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. A ti sọ kúrúnà di àrùn ọ̀bùn láwùjọ wa, ẹni tó bá ní in á máa wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru kí aládùúgbò má baà rí i. Bí ìyàwó ilé kan ṣe ń bo tirẹ̀ ni èkejì ń bo tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ro ó papọ̀ pé láti ara ajá ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Àyẹ̀wò

Mo kán òróró sí bèbè etí àti ìgúnpá rẹ̀, mo fi abẹ fẹ́lẹ́ họ awọ ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fi yọ, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Mi ò rí kòkòrò, mi ò rí ẹyin rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Kòkòrò tí à ń sọ, Sarcoptes scabiei, kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Abo rẹ̀ ń gbẹ́ ihò wọ inú awọ lókè lókè, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Díẹ̀ nínú wọn ti tó láti mú kí odidi ajá máa họra tọ̀sán-tòru, nítorí pé itọ́ wọn, ìgbẹ́ wọn àti ẹyin wọn ni ara ń bá jà. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ kí a họ awọ ajá tó ní in kí a má rí i rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ajá yín kò ní kúrúnà kìkì nítorí pé kò rí nǹkan kan lórí gíláàsì, ẹ má tíì gbà.

Ohun tí mo rí lórí gíláàsì ni bakitéríà púpọ̀ àti Malassezia, irú ìwúkàrà kan tó ń gbé lára ajá tó sì máa ń pọ̀ ní àpọ̀jù bí awọ bá ti bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ló fa òórùn àti ọyún yẹn, wọ́n sì ń yún ajá fúnra wọn. Mo tún wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ọmọ aràn ọkàn wà nínú rẹ̀, nítorí oògùn tí mo ń gbèrò láti lò. Kò sí.

Ohun mìíràn ṣì lè fi ara jọ èyí, mo sì rò wọ́n wò. Àlẹ́jì wà, ti oúnjẹ tàbí ti eruku, ṣùgbọ́n kì í ran ènìyàn, èyí tó bá sì jẹ́ ti eruku sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ajá tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Làpálàpá ajá ń ran ènìyàn lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà yún ajá tó báyìí, òbìrí-òbìrí ló sì máa ń yọ lára ọmọdé. Demodex, ìbátan kòkòrò yìí tó ń gbé nínú ihò irun, kì í ràn láti ara ajá àgbà kan sí òmíràn, kì í sì í ran ènìyàn rárá. Kúrúnà nìkan ló bá etí, ìgúnpá, ikùn, ẹsẹ̀ tó ń họ afẹ́fẹ́ àti ikùn Táíwò mu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtọ́jú

Ọjọ́ náà gan-an ni a fọ ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ chlorhexidine tó ń pa bakitéríà, èyí tí mo kọ́ Ìyá Ìbejì pé kó máa fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó sì jẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ wà lára ajá fún ìṣẹ́jú 10 kó tó ṣàn án. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọṣẹ àti owó ṣòfò: bí wọ́n bá ṣe ń pa á ni wọ́n ń ṣàn án, oògùn kò sì ráyè ṣiṣẹ́. Nítorí ọyún, mo fún un ní cephalexin láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ, mo sì sọ fún Ìyá Ìbejì pé kò gbọdọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ tí awọ bá dán, ó gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn.

Fún kòkòrò fúnra rẹ̀, ivermectin ni mo lò. Láti ara ohun alààyè kan tí Satoshi Ōmura rí nínú ilẹ̀ ní Japan ni wọ́n ti rí i, William Campbell ló sì fi hàn pé ó ń pa aràn lára ẹran. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ọ̀pọ̀ ará abúlé wa ti gbé e mì lórúkọ Mectizan nítorí àrùn ojú fífọ́ etí odò. Oògùn rere ni, ṣùgbọ́n ó ń pa ajá bí a bá fi ojú wọ̀n ọ́n. Ìgò tó wà lọ́jà jẹ́ ti màlúù, mílígírámù 10 ló wà nínú mílílítà kan. Ìwọ̀n tí mo lò fún Tanímọ̀la ni mílígírámù 0.3 fún kílò kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ mílígírámù 4.8. Kò tó ààbọ̀ mílílítà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti gún màlúù lè fa mílílítà méjì sínú síríńjì láìronú, ìyẹn sì ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí mo fún un lọ.

Àwọn ajá kan wà tí ìwọ̀n tó tọ́ pàápàá lè ṣe ní jàǹbá. Ní 2001 ni àwọn onímọ̀ ní Washington State University ní Amẹ́ríkà rí apilẹ̀ àbùdá tó fà á: lára irú ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Collie, àwọn ìbátan rẹ̀, àti Alsatian díẹ̀, ìlẹ̀kùn tó yẹ kó dí ọ̀nà mọ́ oògùn yìí kí ó má wọ ọpọlọ kò ṣiṣẹ́. Ajá náà á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò ní ríran, ó sì lè má jí mọ́. Ajá ìbílẹ̀ wa kì í sábà ní in, ìdí nìyẹn tí mo fi lò ó fún Tanímọ̀la. Oògùn oníhóró ìgbàlódé tó dára jù ú lọ wà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, àmọ́ owó rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ nígbà náà.

Ivermectin kì í pa ẹyin. Ẹyin máa ń di kòkòrò àgbà láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdí nìyí tí a fi ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo tún kìlọ̀ fún Ìyá Ìbejì pé ara yíyún lè má dínkù fún ọjọ́ mélòó kan, ó tilẹ̀ lè gbóná sí i, torí òkú kòkòrò ṣì wà lábẹ́ awọ. Bí mi ò bá sọ èyí tẹ́lẹ̀, ọjà ni yóò padà sí.

Àpò èlùbọ́ tí ajá ń sùn lé, wọ́n sun ún. Aṣọ àti ẹní tí àwọn ọmọ ń lò, wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, wọ́n sì sá wọn sínú oòrùn. Bí kòkòrò yìí bá kúrò lára ajá, ọjọ́ díẹ̀ ló ń lò kó tó kú, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nítorí náà kò nílò kí a fín oògùn sí gbogbo ilé. Fún ìyá àti Táíwò, mo ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn, torí iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Àmọ́ mo fi ọkàn wọn balẹ̀ pé kúrúnà ajá kì í lè bímọ lára ènìyàn. Bí ajá bá yá, tiwọn náà á lọ.

Ìgbà tó padà

Nígbà tí àkókò abẹ́rẹ́ kejì tó, ó ti ń sùn lóru. Èépá etí ti bọ́, irun wẹ́wẹ́ ti ń yọ ní ìgúnpá. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó ti sanra, ó sì ń gbó. Ìyá Ìbejì gbé èlùbọ́ wá fún mi, ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́.

Kò pẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ló pè mí pé Táíwò ti ń họ ikùn. Ó ṣàkíyèsí ọmọ rẹ̀ kó tó ṣàkíyèsí ajá, mo sì yìn ín fún un. Bèbè etí Tanímọ̀la ti ń gbẹ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún ń họ afẹ́fẹ́. Irú àkókò yìí ni àwọn ènìyàn máa ń sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ajá náà ti bọ́ lọ́wọ́ kúrúnà, ó sì tún ti kó òmíràn. Ìbéèrè tó kù ni ẹni tó kó o ràn án. Mo ní kí wọ́n retí mi nílé.

Mo ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá ajá mìíràn wà nílé, wọ́n sì ní kò sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa yàrá tiwọn. Ṣùgbọ́n agbolé ni, ògiri kò pààlà fún ajá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayálégbé kan lẹ́yìn ilé ní Alsatian tó ń tú sílẹ̀ lóru. Lẹ́bàá ààtàn, abẹ́ mọ́tò kan tó ti kú, abo ajá tí kò ní olówó bímọ síbẹ̀. Awọ orí rẹ̀ ti nípọn tán, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń họra kí wọ́n tó rìn dáadáa. Ibẹ̀ ni gbogbo ajá agbolé ti ń pàdé lálẹ́, tí wọ́n ń jẹ̀, tí wọ́n ń sùn lé ara wọn lórí.

Mo lọ bá Mọ́gàjí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó ní ajá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá. Nígbà tí mo béèrè ẹni tí ara ń yún, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìyá Ìbejì ló dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ní, “Ẹ wò ó, èmi ni mo kọ́kọ́ ní in, kò sì pa mí.” Lẹ́yìn náà ni apá aṣọ ń ká sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá fún mi pé kí n wò ó. Láàárín ìka ọmọ náà ni tirẹ̀ wà, ó sì ti pẹ́. Èyí jọ kúrúnà ènìyàn gan-an, tí kì í lọ fúnra rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú kó tó dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló yarí. “Dókítà, ẹ má bínú sà, ajá tèmi mọ́. Owó gidi ni mo fi rà á.”

“Ẹnikẹ́ni ò ní ajá rẹ ò mọ́,” Mọ́gàjí dá a lóhùn. “Mú un wá ná.”

Ajá tó rẹwà ni lóòótọ́, kò ní egbò kankan. Mo ra bèbè etí rẹ̀, níbi tí èépá wẹ́wẹ́ díẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbéra. Ọmọkùnrin náà tún fúnra rẹ̀ rà á, ó wo ẹsẹ̀ náà, kò sì jiyàn mọ́. Ajá lè gbé kúrúnà kiri kó tó hàn lára rẹ̀ rárá, òmíràn kì í tilẹ̀ hàn bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan náà ni a tọ́jú gbogbo wọn, èyí tó ń họra àti èyí tí kò họra. Owó oògùn, ẹ̀bí kọ̀ọ̀kan san tirẹ̀, Mọ́gàjí san ti ajá ààtàn. Alsatian kò gba ivermectin lọ́wọ́ mi. Sarolaner, ọ̀kan nínú àwọn oògùn oníhóró ìgbàlódé tí mo sọ ṣáájú, ni mo fún un, òmíràn sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù kan, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ béèrè bóyá gìrì ti gbé e rí, torí ní 2018 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé òun àti àwọn oògùn ìbátan rẹ̀ lè fa gìrì lára ajá díẹ̀. Kò gbé e rí. Abo ajá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gba ivermectin náà, torí oògùn náà ń bá wàrà lọ, ọpọlọ àwọn ọmọ kéékèèké kò sì tíì lè dí ọ̀nà mọ́ ọn. Lime sulphur ni a fi ń wẹ ìyá àtọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ agbolé sì gbà láti ṣe é pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lẹ́yìn tí mo fi bí wọ́n ṣe ń po ó hàn wọ́n. Wọn kò pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ. Mo ti rí ilé olówó tí ìtọ́jú kò tọ́ báyìí.

Tanímọ̀la tún gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àárín òjò, kò sí ajá kan nínú agbolé náà tó ń gbé ẹsẹ̀ bí a bá ra etí rẹ̀. Ara Táíwò àti ìyá rẹ̀ ti dán, láìjẹ́ pé wọ́n tún ra nǹkan kan pa. Ọmọ ọwọ́ yẹn gba ìpara permethrin ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú gbogbo ará yàrá wọn, tirẹ̀ náà sì lọ. Bèbè etí òsì Tanímọ̀la kò hu irun mọ́ níbi tí èépá ti nípọn jù, mi ò sì retí pé yóò hù.

Nígbà tí ara gbogbo àwọn ajá ti le, mo gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, títí kan abo ajá ààtàn, tó ti di ajá Mọ́gàjí báyìí. Ọdẹ méjì láti Ìdó ti gba ọmọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ajá àlejò tó bá wọ agbolé lónìí, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń so ó mọ́ títí n ó fi wá wò ó, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni Alsatian ló sì ń pè mí.